Ìpara abóra: èwo ni wọ́n fòfin dè, èwo ni wọn ò tíì fọwọ́ kàn?

Bẹ́ ẹ bá dá ọ̀rọ̀ ìpara abóra sílẹ̀ láàárín èèyàn mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ lásìkò yìí, èsì mẹ́ta lẹ máa gbà. Ẹni àkọ́kọ́ á ní gbogbo ayé ti fòfin dè é láti ìparí ọdún 2025. Ẹnì kejì á ní irọ́ ni, ṣebí òun ra tòun lọ́jà Ouando láàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi òun léèrè. Ẹnì kẹta á ní ọ̀rọ̀ náà ò kan òun rárá, tòun kì í ṣe abóra, “lait éclaircissant” (ìpara tó ń mú ara mọ́lẹ̀) ni wọ́n kọ sí i lára. Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan wọn sọ, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá la kó pọ̀ sínú ìpara kan, tí a sì ń pè ní orúkọ kan: mercury (irin olómi kan tó jẹ́ májèlé), hydroquinone (kẹ́míkà kan tó ń bó àwọ̀) àti clobetasol (oògùn awọ ara).

Òfin wo gan-an ni wọ́n ń sọ?

Àdéhùn Minamata ni. Minamata jẹ́ ìlú kan létí òkun ní Japan, níbi tí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ti da mercury sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹja mu ún, àwọn ará ìlú jẹ ẹja, nígbà tó sì di 1956 ni àwọn dókítà kéde àìsàn kan tó ń sọ èèyàn di arọ, tó ń gba ìríran lójú àti ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi orúkọ ìlú yẹn pè, kí wọ́n lè dín mercury kù káàkiri ayé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 2017 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ̀nẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Àdéhùn yìí kan ọṣẹ àti ìpara. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé láti 2020, mercury inú ohun ìṣaralóge kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ, ìyẹn gíráàmù kan ṣoṣo nínú tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Geneva lápá ìparí 2023, wọ́n yọ nọ́ńbà yẹn kúrò. Bó ti wù kó kéré tó, ohun ìṣaralóge tí wọ́n bá fi mercury sí, wọn ò gbọdọ̀ ṣe é, wọn ò gbọdọ̀ kó o wọlé, wọn ò gbọdọ̀ kó o jáde lẹ́yìn 2025. Ibi tí ọ̀rọ̀ “gbogbo ayé ti fòfin dè é” ti jáde nìyẹn.

Mercury nìkan ni o. Kò sí hydroquinone nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí clobetasol. Ìpara tí kò bá ti ní mercury lè bó èèyàn bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, àdéhùn Minamata ò ní ohun tó máa bá a sọ.

Kí ló wà nínú ìpara náà?

Àwọ̀ dúdú tó wà lára wa, ohun kan tí wọ́n ń pè ní melanin ló ń fà á. Inú awọ ara ni ara ti ń ṣe é, òun ló sì ń gba ìyà oòrùn kó tó dé inú. Ohunkóhun tó bá máa sọ èèyàn di pupa, àfi kó dí ara lọ́wọ́ láti ṣe melanin.

Mercury máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú ọṣẹ ló sì pọ̀ sí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní mercury iodide tó tó ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi èyí wé gíráàmù kan nínú tọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá. Kíndìnrín ló ń bá jà. Láti 1972 ni àwọn dókítà ní Nairobi ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn ń da èròjà ara nù sínú ìtọ̀, tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí wọ́n sì rí i pé ìpara tí wọ́n ń lò ní mercury. Kì í dúró sára ẹni tó pa á nìkan: ó ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ yàrá, ó ń lẹ̀ mọ́ tówẹ́ẹ̀lì, ọmọ inú ilé á sì gba tiẹ̀. Wọn kì í sábà kọ mercury sí i lára, ẹ lè rí “calomel” tàbí “mercurio” dípò rẹ̀. Ohun mìíràn tó ń tú àṣírí ni ìkìlọ̀ kékeré kan lẹ́yìn páálí: pé kí ẹ má jẹ́ kó kan góòlù, fàdákà tàbí alumíníọ̀mù. Ọṣẹ wo ló ń bẹ̀rù òrùka?

Ọ̀nà ìyanu ni wọ́n gbà mọ iṣẹ́ ẹbí hydroquinone. Lápá ìparí àwọn ọdún 1930, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ awọ kan ní Amẹ́ríkà rí i pé ọwọ́ àwọn ń funfun, ibi tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ló sì funfun dé. Kẹ́míkà kan tó jẹ́ ìbátan hydroquinone ni wọ́n fi sínú rọ́bà náà kó má baà tètè gbó. Àbùkù ara àwọn lébìrà yẹn lẹlòmíràn wá rí gẹ́gẹ́ bí ọjà.

Ìṣòro hydroquinone ni pé, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó lè yí padà sẹ́ni tó ń lò ó. Ní 1975, àwọn dókítà ní South Africa kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dúdú mọ́ aró, tó le, tó sì ní kókó wẹ́wẹ́, ní ibi tí wọ́n ti ń fi ìpara ra gan-an. Ochronosis ni wọ́n ń pè é. Ibí ni ọ̀fìn wà: ẹni tó rí i pé ojú òun ń dúdú á rò pé ìpara náà ò lágbára tó ni, á tún wá èyí tó gbóná jù. South Africa ló kọ́kọ́ fòfin dè é nínú ohun ìṣaralóge, ní 1990. Àwọn ará Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2001.

Clobetasol ní tiẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣaralóge rárá. Oògùn ni, oògùn gidi tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ara rẹ̀ ń wú tó ń yún tí kò lóògùn mìíràn. Inú túùbù kékeré ló wà, agbára rẹ̀ ò ju 0.05% lọ, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìdáwọ́ dúró, kó má sì ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń bó ara ń fi pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọdún mẹ́wàá nígbà mìíràn. Awọ ara á fẹ́lẹ́, ìlà fẹ̀ǹgẹ̀ fẹ̀ǹgẹ̀ á jáde ní itan àti apá, iṣan á hàn lójú. Oògùn náà ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí awọ tó ti fẹ́lẹ́ kì í fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àti òwú, ojú ọgbẹ́ kì í sì tètè san. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 láti Dakar tún fi hàn pé àwọn aboyún tó lo irú ìpara yìí púpọ̀ máa ń bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó.

Ohun mẹ́ta nìyẹn. Nínú ọjà, wọn kì í wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ti dúró nídìí àwọn tó ń po ìpara á mọ bó ṣe ń rí: báàfù oníke kan, ìgò “lait” ńlá tí wọ́n dà sínú rẹ̀ gbuurugbu, túùbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fún mọ́ ọn títí túùbù á fi pẹlẹbẹ, ìgò sérọ́ọ̀mù kékeré kan, lọ́fínńdà díẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè dáa. Igi ìrokà ni wọ́n fi ń rò ó. Ìyá ọlọ́jà á bèèrè pé, “Tàǹtí, ṣé èyí tó ń yá lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tó ń rọra ṣiṣẹ́?” Ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju iye túùbù tó wọ inú báàfù lọ. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ike róbótó tí kò ní orúkọ, kò ní déètì, kò ní ohunkóhun lára. Òrí láti apá Sábẹ̀ẹ gan-an, tí kò mọ nǹkan kan nípa bíbó ara, wọ́n ti ń pò ó mọ́ ọn, kí oníbàárà lè fọkàn balẹ̀ pé ohun ìbílẹ̀ lòun ń pa.

Ṣé kò sófin ní Bẹ̀nẹ̀ ni?

Òfin wà, ó kàn jẹ́ pé ojú tí òfin fi ń wo nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Clobetasol rọrùn jù: oògùn ni, ilé oògùn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Ẹ óò rántí oṣù kejì 2017, nígbà tí ìjọba ya wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tí wọ́n kó ẹrù, tí wọ́n sì gbé àwọn èèyàn lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ta oògùn oníhóró lórí àtẹ mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n túùbù ìpara kì í jọ oògùn lójú. Àárín ọṣẹ àti lọ́fínńdà ló máa ń jókòó sí.

Àwọn aládùúgbò wa ti gbé ìgbésẹ̀ tiwọn. Côte d'Ivoire fòfin de ìpara abóra ní 2015. Ghana lé hydroquinone kúrò nínú ohun ìṣaralóge ní 2016. Ní Nàìjíríà, ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kéde ní 2023 pé bíbó ara ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀ Abidjan ṣì wà lára ibi tí orúkọ rẹ̀ máa ń wà lára ìgò.

Ibodè ló ṣòro. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìgólò kò jìnnà, Ìdírókò ló kángun sí i. Krake ń bẹ létí òkun. Lápá Kétu, ọ̀nà inú oko pọ̀ ju ọ̀nà ọlọ́dà lọ. Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù Kejìlá 2020, ìrẹsì àti bẹntiróò ni ariwo rẹ̀ sì dá lé lórí. Páálí ìpara wọ inú báàgì tí zémidjan (ọlọ́kadà) gbé kọ́ hándù. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fòfin dè é tí èyí tó múlé tì í ò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọjà náà ló yí padà.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń bó ara?

Ibí ni awuyewuye pọ̀ sí jù.

Àwọn kan ní òyìnbó ló kó o wá. Wọ́n á tọ́ka sí bí Àjàṣẹ́ ṣe bọ́ sábẹ́ ààbò Faransé ní 1863, tó sì di olú ìlú Dahomey ní 1900, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ilé ìwé àti ipò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó sún mọ́ òyìnbó jù, títí kan àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, tí àwọ̀ àwọn mìíràn láàárín wọn mọ́lẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ pupa àti ìgbé ayé ìrọ̀rùn wá ń rìn pọ̀ lójú ará ìlú.

Àwọn mìíràn ò gbà. Wọ́n ní kí òyìnbó tó dé, Yorùbá ti ń ki obìnrin pupa ní apọ́nbéporé, a ti ń fi osùn pa ìyàwó tuntun àti ọmọ ìkókó lára kó lè pọ́n rẹ́rẹ́. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Àmọ́ osùn ń ṣí lọ́jọ́ kejì lójú omi, ẹnu tó sì ń ki apọ́nbéporé náà ló ń ki adúmáadán. N kò tíì gbọ́ oríkì kan tó ní kí adúmáadán lọ para dà. Tí a bá tún fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ara tó dáa, ká wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí UNESCO ti kà sí ohun àjogúnbá aráyé láti 2001. Ọkùnrin ló ń jó, ọmú àti ìdí ńlá ló dì mọ́ra, ara kíkún ni wọ́n ń gbé yọ níbẹ̀. Ojú igi tó dé sórí sì lè jẹ́ funfun, pupa, dúdú tàbí búlúù, bó bá ṣe wu ẹni tó kùn ún.

Ohun tí àwọn tó ń lò ó fúnra wọn ń sọ kì í sábà wọ inú àríyànjiyàn yìí. Ọ̀pọ̀ wọn ò bẹ̀rẹ̀ torí kí wọ́n lè pupa. Irorẹ́ ló yọ, tàbí àpá tí ẹ̀fọn fi sílẹ̀, ọ̀rẹ́ kan sì ní “ìpara yìí á nù ún kúrò.” Ó nù ún kúrò lóòótọ́, ojú dán, gbogbo èèyàn ń kí i pé ó ti rẹwà sí i. Tó bá dáwọ́ dúró, ojú á dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tún padà síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní torí ìgbéyàwó ni, torí fọ́tò, torí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Àwọn kan ní ọkọ àwọn ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ò sì ní ṣàlàyé kankan: ara àwọn ni, owó àwọn ni. Àwọn ọkùnrin náà ń bó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin nìkan ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé ojú wọn jẹ́ Fanta, oríkèé ọwọ́ wọn jẹ́ Coca-Cola.

Àwọn àlùfáà, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ń wàásù pé yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́run padà ni. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ń dáhùn pé ẹ kọ́kọ́ dẹ́kun fífi ọmọbìnrin dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Ilé iṣẹ́ ìpara ní tiwọn ti yí èdè padà: ní 2020 ni Unilever yí orúkọ Fair & Lovely padà sí Glow & Lovely, kí ọ̀rọ̀ lè kúrò lórí funfun, kó bọ́ sórí dídán. Ní Dakar, ọdún 2012, wọ́n gbé pátákó ìpolówó ìpara kan tó ń jẹ́ Khess Petch sókè káàkiri ìlú, inú bí àwọn ará ìlú, wọ́n gbé tiwọn dìde tí wọ́n pè ní Nuul Kukk, tó ń gbé àwọ̀ dúdú lárugẹ. Àwọn dókítà awọ ara ò fi bẹ́ẹ̀ dá sí èyí tó rẹwà nínú pupa àti dúdú. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹ bi wá ohun tó wà nínú ike. Ó sì ṣe wẹ́kú, torí clobetasol a máa jẹ́ kí làpálàpá gan-an gbilẹ̀ lára, kó má sì jọ làpálàpá mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ń bó ara?

Nọ́ńbà yìí kì í wọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ara bíbó. Ó wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011: Nàìjíríà 77%, Togo 59%, South Africa 35%, Senegal 27%, Mali 25%. Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn oníṣòwò ọjà ní Èkó, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, ni 77% yẹn ti wá. Èèyàn ọgọ́rùn-ún bíi mélòó kan ni wọ́n bi léèrè, ọkùnrin wà nínú wọn. Kò lè dúró fún obìnrin Sókótó tàbí ti Kàlàbá. Ó fi hàn pé àṣà náà wọ́pọ̀ nínú ọjà Èkó nígbà yẹn. Ẹni tó bá lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń na ọ̀rọ̀ kọjá ibi tó dé.

Ṣé àwọ̀ nìkan ni?

Rárá o. Wọ́n ń ta oògùn sísanra náà, láàárín ọjà kan náà. Cyproheptadine ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, oògùn tí wọ́n ṣe fún ara yíyún àti imú dídí, tó kàn jẹ́ pé ó máa ń mú kí ebi pa èèyàn, kí oorun sì kùn ún. Wọ́n a máa fi dexamethasone kún un nígbà mìíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, wọ́n á ní ara ń gbà á. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni tíì tó ń fa ikùn wọlé máa ń wà.

Fóònù náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú, tí wọ́n sì ń nu àpá kúrò kí ẹni tó ya fọ́tò tó sọ pé kí wọ́n ṣe é. Ní 2021, ìwé inú ilé iṣẹ́ Facebook tí Frances Haugen, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tú síta fi hàn pé ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún sọ pé nígbà tí inú àwọn ò bá dùn sí ara àwọn, Instagram ń dá kún un. Ní oṣù kọkànlá 2024, TikTok ní òun máa dí àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ́nà àtilo irú àwòrán tó ń yí ojú padà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ ọjọ́ orí.

Ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró ńkọ́?

Má ju gbogbo rẹ̀ nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí o ti ń lo èyí tó ní clobetasol. Ara tó ti mọ́ oògùn náà lára lè má ṣe ohun tó yẹ kó máa ṣe fúnra rẹ̀ mọ́. Tí o bá já a gbà lójijì, awọ ara lè pọ́n, kó máa ta ọ́ bí iná, kó wú. Ó lè máa rẹ̀ ọ́, kí orí máa fò ọ́, kí ìfúnpá wálẹ̀. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ tó lọ sábà máa ń padà láàárín oṣù bíi mélòó kan, àmọ́ ìlà itan kì í lọ, dúdú tí ochronosis dá sílẹ̀ sì le láti tú.

Mú ike náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, àti túùbù tó bá kù, bó tilẹ̀ ti ṣófo. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí tó lóyún, kó sọ ọ́ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n má baà jẹ́ pé orí tábìlì ni wọ́n ti máa mọ̀.